Èló ni gáàsì tó ń fò lọ? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nílé ìpọntí ẹ̀gẹ́

Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ náà kò pè mí nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Wọ́n pè mí nítorí wọ́n gbọ́ pé gáàsì tó ń jáde lórí àgbá ọtí wọn, káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì (CO2), owó ni, ó ń bá atẹ́gùn lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gbé igbá sí i. "Ẹnjiníà, wá bá mi ṣírò ẹ̀," wọ́n wí lórí fóònù. "Ọmọ mi ní dọ́là ló ń gba ojú fèrèsé jáde yẹn."

Ilé iṣẹ́ ọ̀hún wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle, 10,000 lítà lójúmọ́ nígbà tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní gbé iye tí wọ́n ń ta ọjà wọn síta. Níbi tí owó bá ti kàn wọ́n, mo ti sọ ọ́ di ìwọ̀n: iye tí ilé iṣẹ́ míńrà kan nítòsí wọn ń san lórí kílò gáàsì kan tí wọ́n gbé dé ẹnu géètì rẹ̀ ni mo pè ní 100. Ẹ máa fi ìyókù wé e.

Bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sè é, tí sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà. Ọtí àti káábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, CO2, ló ń ti ara ìjẹun yẹn jáde, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: bí ọtí bá jẹ́ kílò kan, gáàsì á jẹ́ kílò 0.96. Kò dà bí èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí ti jẹnẹrétọ̀, tí náítrójìn bo CO2 inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ látilẹ̀wá, ìdí nìyẹn tí orí ọtí fi wà lára ibi tó rọrùn jù láti mú CO2. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mú mi gun àkàbà lọ sórí àgbá kan, ó ṣí ìdérí díẹ̀, ó ṣá láítà, ó nà án sẹ́nu àgbá. Iná náà kú fíì, bí ẹni pé èèyàn fi ìka pa á. Ó tún ṣá a, ó tún kú. "Ẹ má tẹrí bọ ibẹ̀ o," ó wí. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ńṣe ló ń jókòó lórí ọtí bí omi tí ojú kò rí. Ẹni tó bá fà á símú kanlẹ̀ lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ọmọ Alhaji ti ṣe ìṣirò sílẹ̀ kí n tó dé. Ó kàwé lókè òkun, orí rẹ̀ sì pé. Ó fi 10,000 lítà ọtí wá gáàsì tọ́ọ̀nù 7.5 lójúmọ́, ó fi 365 sọ ọ́ di nǹkan bíi 2,700 lọ́dún, ó wá fi dọ́là 60 sórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, pé ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló to owó mẹ́tánọ́ọ̀lù lé e, irú ọtí kan tí kò ṣeé mu tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò, ó tún to owó carbon credit lé e, èyí tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá dín CO2 tó ń wọ afẹ́fẹ́ kù. Ẹni tó bá wo ìdí ṣíìtì Excel yẹn yóò fẹ́ lọ ta ilé rẹ̀ kó fi ra ẹ̀rọ.

Tọ́ọ̀nù 7.5 yẹn tọ̀nà. Bí kẹ́mísìrì ṣe wí nìyẹn. Ọjọ́ 365 ni irọ́ wà. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé géètì fún mi, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ tó bá wọlé, mo sì ka ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ tó wọlé tó láti pọn ọtí. Ọjọ́ 200 ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ á le bí òkúta, àgbẹ̀ kò ní lè fa ẹ̀gẹ́ tu, àwọn tó ń yan gàrí á sì du ìwọ̀nba tó bá jáde mọ́ wọn lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, gáàsì wákàtí àkọ́kọ́ nínú àgbá kọ̀ọ̀kan ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, ti ìparí sì ń jáde wúyẹ́wúyẹ́. Èyí tí èèyàn lè gbá mú kò ju tọ́ọ̀nù 5 lọ lójúmọ́. Bí 2,700 ṣe di 1,000 nìyẹn, a kò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan.

Dọ́là 60 ńkọ́? Òfin owó orí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 45Q, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2022, ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà fún ẹni tó bá lo CO2, ó sì fi 85 fún ẹni tó bá rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ wọn ni, fún ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wọn. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin kan náà ní ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán 12,500 tọ́ọ̀nù lọ́dún kó tó yẹ fún owó náà. Bí a bá gbé ilé ìpọntí Alhaji bó ṣe wà yìí lọ sí Iowa ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Mo rọra sọ èyí fún ọmọ náà níkọ̀kọ̀, torí kò yẹ kí n dójú tì í níwájú bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Mẹ́tánọ́ọ̀lù ló nira fún un láti yọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi CO2 ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù ní Iceland ní 2012, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó iná Svartsengi tó ń fi ooru inú ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó lè ṣe 110,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún ní Anyang, nílẹ̀ Ṣáínà. Fọ́tò wọn wà nínú ìgbékalẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ CO2 nìkan kì í di mẹ́tánọ́ọ̀lù. Tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan ń gba CO2 tọ́ọ̀nù 1.375 àti háídrójìn bíi kílò 190, háídrójìn yìí ló sì ń gbé gbogbo owó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi iná mànàmáná ya kílò kan rẹ̀ kúrò lára omi, á jẹ yúníìtì 50 sí 55. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 190, ẹ ti ń sọ nípa 10,000 yúníìtì. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A sí ₦225. Owó iná nìkan lórí tọ́ọ̀nù kan nìyẹn, ₦2,250,000. Tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù lọ́jà àgbáyé kì í sábà ju dọ́là 300 sí 400 lọ. Bí a bá ka dọ́là sí ₦1,500, kò ju ₦600,000 lọ. Ilé iṣẹ́ Iceland ní iná olówó pọ́ọ́kú lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tó wà ní Anyang kò fi iná ya háídrójìn rárá, inú gáàsì tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sun èédú di kóòkù ló ti ń rí i. Alhaji kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹnìkan tún mú àbá wá pé kí á fi gáàsì náà ṣe ẹfun fún àwọn oníkun àti oníbébà. Àbá náà kò jìnnà. Ẹ pò ẹfun jíjó mọ́ omi, ẹ fẹ́ CO2 sí i, ẹfun funfun kíníkíní á sọ̀ sílẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àbá yẹn ni ibi tí ẹfun jíjó ti ń wá: òkúta ẹfun tí wọ́n sun ni, kílò 44 CO2 tó wọnú ẹfun tuntun ni kílò 44 tó ti jáde lára òkúta nígbà tí wọ́n ń sun ún, ká má tíì ka ti iná tí wọ́n fi sun ún. Ẹni tó ń tà á gẹ́gẹ́ bí ẹfun lè jèrè. Ẹni tó ń tà á gẹ́gẹ́ bí ìwẹ̀nùmọ́ afẹ́fẹ́ ń tan ara rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí Ẹ̀wẹ́kọ́rọ̀ wà, tí òkúta ẹfun pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ, oníkun tí ẹfun lílọ̀ lásán bá tó fún kò ní san owó lé e. A kọjá níbẹ̀.

Ohun tó wá kù ni ohun tí kò ní ariwo nínú: kí á ta CO2 bí CO2. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ń rà á. Àwọn tó ń ṣe dry ice, ìyẹn CO2 tó dì bí yìnyín, náà ń rà á, àmọ́ bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń dá èyí tó sá lọ padà, CO2 olómi tó ju kílò méjì lọ ló ń di kílò dry ice kan, yìnyín náà á sì tún máa gbẹ lọ nínú àpótí títí ẹni tó rà á á fi dé ilé. Míńrà la dojú kọ.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti yọ̀. Àwọn onímíńrà fẹ́ gáàsì tó mọ́ tó 99.9%, wọn kò sì fẹ́ kí háídrójìn sọ́fáídì, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin dídíbàjẹ́, ju ìdá 0.1 nínú mílíọ̀nù kan lọ. A yá ẹ̀rọ kékeré kan, a fọ gáàsì àgbá náà lómi, a gbà á kọjá lára èédú, a fún un, a sọ ọ́ di olómi, a gbé sílíńdà kan lọ sí láàbù. Obìnrin tó gbà wá níbẹ̀ kò kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ kankan. Ó dojú sílíńdà kọlẹ̀, ó tú gáàsì náà sínú ife gíláàsì mímọ́, ó di yìnyín funfun lójú wa. Ó fi aṣọ bò ó, ó jókòó, ó ń bá wa tàkúrọ̀sọ títí yìnyín náà fi pòórá tán. Ó wá ṣí aṣọ, ó gbé ife símú, ó sì nà án sí mi láìsọ nǹkan kan. Ẹyin tó ti rà. Díẹ̀ ni o, àmọ́ òun ni. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká fi owó yín jóná lórí àyẹ̀wò ìyókù."

Ọmọ Alhaji ní kí á ra àgbá èédú tó tóbi sí i. Ìṣirò àgbá náà jẹ 11 nínú 100 wa. Mo ní kí á kọ́kọ́ bi ìwúkàrà léèrè. Ẹ̀gẹ́ kò ní purotéènì púpọ̀ bí àgbàdo. Ebi náítrójìn ń pa ìwúkàrà inú rẹ̀, ìwúkàrà tí ebi yìí bá sì ń pa ni í máa tú gáàsì ẹyin jáde. Oúnjẹ ló fẹ́. Ajílẹ̀ yúríà ni ì bá wọ́n kéré jù, ẹ̀rín sì pa mí, torí yúríà fúnra rẹ̀ ni ọjà tó tóbi jù lọ tí aráyé ń fi CO2 ṣe: nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 230 CO2 tí wọ́n ń lò lọ́dún, ìṣirò àjọ agbára àgbáyé IEA sọ pé bíi 130 ló ń di yúríà. Àmọ́ apá kan ọtí Alhaji ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọtí mímu, yúríà nínú ọtí mímu sì lè bí ẹ́tílì kábámétì, èròjà tí wọ́n ń ṣọ́ra fún nítorí jẹjẹrẹ. Ajílẹ̀ DAP, tó ní náítrójìn àti phosphate, la lò dípò rẹ̀, a wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ sí àgbá mẹ́ta. Nígbà tí a padà sí láàbù, obìnrin náà gbóòórùn ife, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó dìde lọ tan ẹ̀rọ. Ohun tí ì bá gba 11 gba ohun tí kò pé 1, ọtí fúnra rẹ̀ sì yára jinná sí i.

Nígbà náà la tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó gidi, ẹnu géètì oníbàárà ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀, mo ń ka á padà bọ̀ wá sílé. Bí Alhaji bá dá gbogbo rẹ̀ ṣe: owó ẹ̀rọ àti èlé rẹ̀ 27, iná àti dísù jẹnẹrétọ̀ 26, ọkọ̀ àti táǹkì 20, fífọ̀ àti àyẹ̀wò 8, èyí tó ń sá lọ lójú ọ̀nà 7. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88, ó ku 12. Ẹ rántí pé CO2 kì í di olómi nínú afẹ́fẹ́ lásán, àfi tí ẹ bá fún un kọjá bar 5 (ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká jẹ́ bíi bar 1). Nínú táǹkì, bar 20 ni wọ́n sábà ń fi í sí, ní ìwọ̀n òtútù −20. Ìdí nìyẹn tí iná àti irin fi gba èyí tó ju ìdajì lọ. Ọjọ́ 200 ni mo sì fi pín owó ẹ̀rọ. Bí ẹ̀gẹ́ ọdún kan bá jẹ́ ti ọjọ́ 150, 27 yẹn á di 36, 12 á di 3.

Alhaji wo 12 náà títí. "Gbogbo wàhálà yìí, méjìlá?" Wọ́n rántí December kan tí gáàsì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímíńrà fi ń san ìlọ́po méjì, wọ́n ní kí ló dé tí n kò fi 200 kọ ọ́. Mo sọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, gáàsì ìdáná tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ wọ́n níbẹ̀ títí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ méjì tó ń lò ó fi ti ilẹ̀kùn; àwọn ni wọ́n ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú CO2 ìlú náà, bí àwọn ẹlẹ́ran àti ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń pariwo nìyẹn, tí ìjọba fi kówó sílẹ̀ kí ọ̀kan lára wọn tó ṣí padà. Ẹni tó bá fi owó oṣù yẹn ra ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá, oṣù kan ló fi ra á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà gan-an ni ọjọ́ tí mo lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tó ń ta gáàsì fún ilé iṣẹ́ míńrà náà. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń rí tirẹ̀. Ó mú mi dé ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀rọ kan hàn mí tó ń jó gáàsì ìdáná nígbà tó bá wà, tó ń jó dísù nígbà tí kò bá sí. Kì í ṣe iná ló fẹ́ níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ ló fẹ́! Wọ́n ń fi omi kẹ́míkálì gbá CO2 inú èéfín yẹn, wọ́n ń sè é kí ó tú u sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di olómi. Lítà dísù kan ń di CO2 bíi kílò 2.7, gbogbo rẹ̀ kò sì ṣeé gbá mú. Ní 2024 tí mo ṣe ìṣirò yìí, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ọkùnrin yìí ń ra epo láti fi sun ohun tí Alhaji ń dà nù ní kìlómítà díẹ̀ sí i.

Mo padà sílé, mo da ìṣirò ti tẹ́lẹ̀ nù. Alágbàtà náà ti ní ọkọ̀, ó ti ní táǹkì, ó ti ní ìwé àyẹ̀wò àti oníbàárà. Ohun tí gáàsì Alhaji á yọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ ni epo, epo sì ń gba 40 nínú 100 rẹ̀. Bí a bá yọ 10 fún gbígbé ẹ̀rọ wá sínú ọgbà Alhaji àti títo páìpù, ó lè san tó 30 láìṣe òfò. Gáàsì kan náà, láti inú àgbá kan náà: lọ́wọ́ Alhaji 12 ni, lọ́wọ́ ọkùnrin yìí 30. Àárín méjèèjì la ti bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Alágbàtà kọ́kọ́ dá 5, pé ìdọ̀tí ṣá ni. Mo kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èló ló ra dísù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àsìkò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìdúnàádúrà náà jẹ́. Oòrùn ni míńrà ń tà sí, nígbà Kérésì, nígbà ààwẹ̀ tó bá bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo ọ̀fun gbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gẹ́ wọ́n. Alágbàtà fẹ́ kí Alhaji máa san ìtanràn ní ọjọ́ tí gáàsì kò bá jáde. Alhaji ní àwọn kì í ṣe Ọlọ́run tó ń rọ òjò. Ọ̀kan nínú àwọn àbá ni pé kí wọ́n ra pákí gbígbẹ pamọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ṣírò rẹ̀ dé ìdí: lítà ọtí kan kò ní gáàsì tó kílò 0.8 lórí, owó gáàsì yẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọtí. Bí pákí gbígbẹ bá pa wọ́n lówó lórí ọtí, gáàsì kò lè gbà wọ́n. Níkẹyìn, wọ́n fi 16 sí àsìkò òjò, 25 sí ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ìtanràn, alágbàtà sì fi ẹ̀rọ dísù rẹ̀ sílẹ̀ láìtà á.

Carbon credit ni ọmọ Alhaji rọ̀ mọ́ dópin. Mo ra míńrà kan fún un nínú ọgbà, mo ní kó ṣí i. Ṣìì! Mo ní, "Ohun tí o fẹ́ tà lò ń gbọ́ yẹn." Gáàsì tó wọ ìgò kò ní pẹ́ jáde, inú afẹ́fẹ́ sì ni ewé ẹ̀gẹ́ ti fà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣeé kà ni epo tí alágbàtà kò jó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ti iná tí ẹ fi fún gáàsì kúrò nínú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ pinnu ta ló ni ín, ẹni tó dáwọ́ jíjó dúró ni àbí ẹni tó fún un ní gáàsì. Fún 1,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, owó àwọn tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lè jẹ ẹ́ tán. Mo kọ òdo sí àyè rẹ̀ nínú ṣíìtì. Gbogbo ìṣirò bẹ́ẹ̀ tí mo ti ṣe lẹ́yìn náà, òdo ni mo ń kọ síbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi buwọ́ lùwé, bẹ́ẹ̀ ni n kì í béèrè tọ́ọ̀nù mọ́ kí n tó béèrè ìwé géètì àti ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á ń lò báyìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mítà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, 3,860 kílò ló jáde dípò 5,000. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ́síjìn ti pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ nítorí afẹ́fẹ́ wọnú páìpù. A wá a káàkiri páìpù, a kò rí ojú ihò kankan. Ọ̀sán ni aṣiri tó tú: àlejò kan dé, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ sì mú un gun àkàbà lọ sókè, ó ṣí ìdérí, ó ń ṣá láítà fún un. Alhaji rán ọmọdé kan lọ ra àgádágodo mẹ́fà lọ́jà, ọ̀kan fún àgbá kọ̀ọ̀kan.